Bàbá Géètì àti Garawa Tí Kò Gbọdọ̀ Dọ̀tí

Ìyá aránṣọ tí gbogbo òpópó ń pè ní Alága kì í rìn, eré ló máa ń sá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ lọ. Òun ni olórí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa tún àdúgbò ṣe láìgbowó. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó ti kun àtíkè, ó ti wọ bàtà tó dára, torí pé ọkọ̀ akópàǹtí ń bọ̀ ní òpópó wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé ọ̀rá pàǹtí ilé rẹ̀ dání, ó kọrí sí ìkóríta níbi tí wọ́n to garawa ńláńlá mẹ́ta sí, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan aláwọ̀ aró, ọ̀kan dúdú.

Bàbá Géètì ló dúró níwájú wọn. Géètì ilé-iṣẹ́ kan ni bàbá yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi nílé, orúkọ náà sì bá a délé. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó lọ̀ ọ́ títí tí ṣòkòtò fi fẹ́ máa dá dúró fúnra rẹ̀. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, fìlà wà lórí, ọwọ́ sì wà lẹ́yìn.

"Dúró níbẹ̀!"

Alága fò sẹ́yìn. "Háà! Bàbá, èmi ni o."

"Mo rí i pé ẹ̀yin ni. Ta ni ẹ fẹ́ rí?"

"Ta ni mo fẹ́ rí bíi ti báwo? Garawa ni mo fẹ́ rí!"

"Garawa mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

Alága rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bàbá ń bá òun ṣeré ni. "Ẹ kú àwàdà, Bàbá. Ẹ sún díẹ̀, kí n da pàǹtí mi nù kí ọkọ̀ tó dé."

"Kí ẹ dà á síbo?"

"Sínú garawa."

Bàbá Géètì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí bí ẹni tí ọmọ rere já kulẹ̀. "Sínú garawa tó mọ́ báyìí? Ẹ̀yin Alága? Ojú kò tì yín?"

Ó ṣí ìdérí garawa aláwọ̀ ewé. Inú rẹ̀ ń dán. Òórùn ọṣẹ ló jáde, Alága sì rí àtíkè ojú ara rẹ̀ nísàlẹ̀ garawa. Ó ṣí aláwọ̀ aró. Dígí ni. Ó ṣí dúdú. Bàbá tiẹ̀ ti fi òróró díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá," Alága ní, "pàǹtí dà?"

"Pàǹtí wo?"

"Pàǹtí òpópó yìí! Láti ọjọ́ tí garawa ti dé, mo ti ní kí gbogbo ènìyàn máa kó pàǹtí wọn wá síbí. Wọn ò wá ni?"

"Wọ́n wá. Á à, wọ́n wá dáadáa! Tọkùnrin tobìnrin." Ó na àyà. "Mo lé gbogbo wọn padà."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Ẹnì kan kò kọjá mi. Ìyàwó wẹ́dà wá, ó ru agbọ̀n ńlá lórí. Mo ní, 'Ṣé wọ́n ń retí yín?' Ó ní rárá. Mo ní, 'Ẹ padà wá lọ́la.' Tíṣà wá pẹ̀lú ìdì bébà. Mo wò ó, ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀, mo ní kó lọ kà á tán ná. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé èèpo ẹyin wá, ó bẹ̀ mí, ó kúnlẹ̀, ó sunkún. Mo ní, 'Màdáámù, ẹkún kì í ṣe ìwé àṣẹ.'"

"Yéè!"

"Eṣinṣin kan pàápàá gbìyànjú ẹ̀ lánàá. Mo sin ín dé ìkóríta kejì."

Alága gbé ọwọ́ lé orí. "Bàbá, ta ló ní kí ẹ ṣe irú èyí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

Bàbá Géètì pa gìgísẹ̀ pọ̀, ó wo òkè, ó kà á sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé. "'Bàbá Géètì, garawa wọ̀nyí ni ojú òpópó wa. Ẹ bá wa ṣọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà wọ́n jẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dọ̀tí.' Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an lẹ dúró sí. Ṣé mo sọ ọ́ bó ṣe wà àbí mi ò sọ ọ́ bó ṣe wà?"

Ó sọ ọ́ bó ṣe wà. Àánú bàbá ló jẹ́ kí Alága gbé iṣẹ́ náà fún un, torí láti ìgbà tí wọ́n ti ní kó lọ sinmi, ẹnu ọ̀nà ilé ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí á máa wo títì bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní bàbá kì í jẹun tán mọ́. Ọjọ́ tí Alága fi fèrè kọ́ ọ lọ́rùn ló tó rẹ́rìn-ín, inú Alága náà dùn, ó sì sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àfọwọ́fà rẹ̀ rèé.

"Ó dáa, Bàbá. Mo tọrọ àforíjì. Ẹ gbọ́ àṣẹ tuntun: láti ìsinsìnyí lọ, ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn da pàǹtí síbẹ̀."

"Rárá."

"Rárá báwo? Èmi tí mo pàṣẹ yẹn náà ni mo ń yí i padà!"

"Ohun tí olè máa ń wí gan-an nìyẹn. Níbi iṣẹ́ mi, ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó wọ kóòtù, ó ní òun ni ọ̀gá àgbà, kí n ṣí géètì. Mi ò ṣí i."

"Ṣé olè ni?"

"Rárá o, ọ̀gá àgbà ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ó dúpẹ́?"

"Lẹ́yìn tí òjò dá."

Alága wo ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ kò tíì yọ. Ó yí ohùn padà, ó fi ohùn tó fi ń tan oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò tíì ṣe tán sọ̀rọ̀. "Bàbá mi, ẹni iyì. Ẹ gbọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní dídán lásán ni wọ́n ń dán òpópó wa wò. Bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá nǹkan kan nínú garawa, wọ́n á ní a ò nílò rẹ̀, wọ́n á gbé e fún òpópó kejì. Ẹ rántí bí a ṣe wà tẹ́lẹ̀. Gọ́tà la máa ń da gbogbo ẹ̀ sí. Òjò rọ̀, gọ́tà dí, omi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, aṣọ ìyàwó tí mo rán fi ẹrẹ̀ wẹ̀. Ìyàwó ọ̀hún sunkún, èmi náà sunkún. Ṣé ẹ fẹ́ ká padà síbẹ̀ ni?"

"Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n da èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, kí n fi bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Géètì ronú. Ó na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Yẹ kí ni wò?"

"Ẹrù kì í wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ojúsàájú."

Kí Alága tó sọ pé rárá, bàbá ti tú ọ̀rá. Ó kọ́kọ́ yọ ike omi kan, ó mì ín, nǹkan kan mì nínú rẹ̀. Ó yí i dorí kodò. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ká róbótó tì sínú rẹ̀ ló já bọ́. Ó tún fa nǹkan, àgékù aṣọ gígùn kan jáde pẹ̀lú egungun ẹja tó há sí i.

"Alága."

"Bàbá."

"Ta ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń kígbe pé 'Èèpo lọ́tọ̀! Ike lọ́tọ̀! Àkísà lọ́tọ̀!'?"

"Èmi... èmi ni."

"Ta ló pe ìyàwó wẹ́dà ní ọ̀bùn lójú gbogbo ayé torí pé ó fi èèpo sínú ike?"

"Bàbá, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀."

"Mo ní ta ni?"

"Ìkánjú ló fà á o! Mo ní aṣọ nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán!"

"Gbogbo àwọn tí mo mú ẹrù lọ́wọ́ wọn lẹ́nu géètì ló ní ìkánjú ló fà á." Ó rọra di ọ̀rá náà padà, ó gbé e lé Alága lọ́wọ́. "Ẹ padà wá lọ́la."

Ìbínú gun Alága dé ọrùn. Ó gbìyànjú láti gba apá ọ̀tún kọjá, bàbá wà níbẹ̀. Ó ṣe bí ẹni ń lọ sílé, ó yí bírí, ó sáré gba apá òsì, bàbá wà níbẹ̀ náà. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ún láti ìdájí! Ó ju ọ̀rá náà sókè sí garawa, bàbá fo díẹ̀, ó hán an bí amúlé agbábọ́ọ̀lù, ó dá a padà fún un.

"Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù," bàbá ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún."

"Èmi náà ni mo rán yín níṣẹ́!"

"Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù yín bà mí tó báyìí."

*Pààpá! Pààpáà!*

Ìró ọkọ̀ ńlá ti ìsàlẹ̀ òpópó wá. Alága jókòó sórí òkúta ẹ̀bá títì pẹ̀lú bàtà tó dára lẹ́sẹ̀ àti ọ̀rá pàǹtí lórí itan.

"Ó ti tán. Wọ́n ti dé. Wọ́n máa gbé garawa lọ lónìí."

"Wọ́n máa gbé kí ni lọ?"

"Garawa, Bàbá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣebí mo ti ń sọ ọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan?"

"Mo rò pé ọgbọ́n tí ẹ fẹ́ fi wọlé ni." Bàbá Géètì bọ́ fìlà. Orí rẹ̀ funfun báláú, ó sì wá dà bíi pé ó kéré sí aṣọ tó wọ̀. "Garawa mi? Tí wọ́n bá gbé wọn lọ, kí ni màá wá ṣọ́?"

Ó sún mọ́ Alága.

"Lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti ń pè ọ́ ní ẹ̀yin, ọmọ mi. Jẹ́ kí n bọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ díẹ̀, kí n bi ọ́ bí ọmọ. Ṣé ẹnu ọ̀nà yẹn ni màá tún padà lọ jókòó sí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Alága wọnú eegun. Ó wo bàbá, ó wo fèrè, ó wo garawa tó ń dán bí abọ́ àlejò. Iṣẹ́ bàbá kò burú. Ibi tí ó kọjú sí ni kò dáa. Ó dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ṣọ́ géètì, olè mélòó lẹ mú?"

Bàbá Géètì wo bàtà rẹ̀. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ sọ fún mi."

"Kò sí."

"Kò sí ẹyọ kan?"

"Wọ́n gbọ́ pé mo wà níbẹ̀ ni wọn ò ṣe wá!" Ó ń fi ìka yí fìlà. "Ṣùgbọ́n, ká má parọ́, ó wù mí kí n mú ẹyọ kan. Ì báà ṣe kékeré. Ì báà tiẹ̀ ṣe olè tí kò mọ eré sá."

"Ó dáa, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló lọ dùbúlẹ̀ sínú gọ́tà tí kò jẹ́ kí omi kọjá?"

"Pàǹtí."

"Ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìkan ilẹ̀kùn, tó ba aṣọ ìyàwó jẹ́?"

"Pàǹtí! Mo wà níbẹ̀!"

"Ta ló ń fún ẹ̀fọn nílé gbé, tí ẹ̀fọn fi ń jẹ àwọn ọmọ ọmọ yín lóru?"

"Òun náà ni! Ọ̀daràn!"

"Ẹ ti pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀daràn ni. Bàbá, èyí tí ẹ dúró tì yìí kì í ṣe géètì ilé-iṣẹ́." Alága sún mọ́ ọn, ó sọ ohùn di jẹ́jẹ́. "Ẹ̀wọ̀n ni."

Bàbá Géètì rọra yíjú wo garawa. Ó wo ìdérí. Ó wo ògiri wọn tó nípọn. Ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ̀wọ̀n?"

"Ẹ̀wọ̀n gidi."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi... Láti ọjọ́ yìí, ọ̀daràn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ẹ̀wọ̀n..."

"Ẹ sì ń ní kó padà wá lọ́la."

"Mo gbé!" Ó de fìlà mọ́ orí pàá, ó ki fèrè bọ ẹnu. *Fííííì!* Etí Alága fẹ́ẹ̀ di. "Ẹ̀yin ará òpópó! Ẹ kó wọn jáde! Gbogbo pàǹtí tó ń sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sí ìdí ààrò, sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ti mọ ibi tí ẹ wà! Ẹ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́!"

Háà, ẹ ò bá rí òpópó! Àwọn tí pàǹtí ti ń rùn mọ́ nínú ilé, tí ẹ̀rù bàbá kò jẹ́ kí wọ́n yọjú, tú síta bí omi tó já ìdènà. Ìyàwó wẹ́dà ru agbọ̀n rẹ̀, tíṣà gbá ìdì bébà rẹ̀ mọ́yà, ìyá oníbúrẹ́dì sì ń sáré tẹ̀lé wọn tòun ti èèpo ẹyin, ó tún ń sunkún, ti ìdùnnú ni lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Géètì dúró láàárín, ó ń pín wọn.

"Èèpo, yàrá aláwọ̀ ewé! Ike, yàrá aláwọ̀ aró, ẹ tò, ẹ má ti ara yín! Ìwọ àkísà, má fojú bẹ̀ mí, yàrá dúdú ni tìrẹ!" Ó já ọ̀rá gbà lọ́wọ́ Alága. "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ìwọ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìwọ ike, ẹ ò lè sùn sí yàrá kan náà. Ẹ máa gbìmọ̀ pọ̀."

"Ó ku díẹ̀, Bàbá! Ọkọ̀ ti yà!"

"Ẹ bá mi tẹ ìdérí yẹn mọ́lẹ̀, ọ̀kan fẹ́ sá!"

Nígbà tí ọkọ̀ akópàǹtí fi dúró, garawa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún dé ẹnu. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n wo ara wọn, wọ́n mi orí pé ó dára. Awakọ̀ yọ orí, ó ní òpópó yìí ti yege, àwọn á máa wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Alága fò sókè, ó jó, bàtà kan fò kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rí i nígbà tí òṣìṣẹ́ kan dawọ́ lé garawa láti gbé e.

*Fííííì!*

"Dúró níbẹ̀! Ta ni ẹ fẹ́ rí?"

Bàbá Géètì ti fi ẹ̀yìn ti garawa, ó na apá méjèèjì.

"Bàbá!" Alága sáré dé, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́. "Pàǹtí ni wọ́n wá kó!"

"Kí wọ́n kó ọ̀daràn mi lọ síbo? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, òní ni mo tó mú ènìyàn, kí ẹ sì wá tú wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú?"

"A ò tú wọn sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ńlá ni wọ́n ń gbé wọn lọ."

"Adájọ́ wo ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni adájọ́!"

"Ẹ̀yin?" Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀yin tí mo ká èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ lọ́wọ́? Alága, afurasí kì í ṣe adájọ́."

Awakọ̀ ti dorí kodò sórí ìdarí ọkọ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rí garawa tó ń lọ sí òpópó kejì lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ń sin ọ̀daràn dé ẹ̀wọ̀n ńlá?"

"Ẹni tó mú un ni."

"Ta ló mú un?"

Ẹ̀rín rọra bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu Bàbá Géètì, ó sì tàn dé etí. Ó gbọn eruku aṣọ, ó yẹ ojú awakọ̀ wò dáadáa, ó ní kó rẹ́rìn-ín mọ níwọ̀n. Ó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ títí wọ́n fi da garawa tó kẹ́yìn sínú ọkọ̀, kí èèpo kan má baà bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gun ọkọ̀, ó jókòó sí iwájú, ó sì kí Alága bí ọmọ ogun ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Alága náà kí i padà, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Ọkọ̀ lọ. Ìkóríta mọ́. Alága mí kanlẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀ kejì. Àgékù aṣọ rẹ̀ kan ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí wọ́n ń sáré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó ṣí ìdérí garawa dúdú.

Láti òkèèrè, orí kan tó dé fìlà yọ lójú fèrèsé ọkọ̀.

*Fííííì!*

"Alágaaa! Mo rí yín o! Ẹ bá mi ṣọ́ ẹ̀wọ̀n yẹn dáadáa! Ọ̀daràn tí kì í bá ṣe èmi ni mo mú un, ẹ ní kó padà wá lọ́la!"